Abéèrè Kì Í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ríra Alùpùpù Àlòkù

Ẹni tó bá ń ka ìròyìn ẹbí inú ìwé wa yìí yóò rántí pé a kéde ìdána ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan, olùkọ́ ilé-ìwé, tí a sì tún padà kéde pé wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bi wá léèrè ohun tó fà á. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ kiri pé ìyàwó ló kọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Alùpùpù ló fà á. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ síbí, kí a ṣáà má dárúkọ òun, kí ẹlòmíràn lè fi ti òun kọ́gbọ́n.

Ilé-ìwé tí ó ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà sí Sábóngàrí tí ó ń gbé, owó ọkọ̀ sì ń jẹ owó oṣù rẹ̀. Ó bá mú nínú owó tí ó ti ń kó jọ fún ìdána, ó ní òun yóò ra alùpùpù àlòkù. Kẹ̀kẹ́ ológeere nìkan ló ti ń gùn láti kékeré. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa; òun nìkan ló dá lọ. Ẹni tó ń tà á kí i ní èdè wa, ó béèrè ìlú rẹ̀, ó pè é ní àbúrò. Ara ọmọ wa balẹ̀. Ọkùnrin náà wá bi í pé, “Àbúrò mi, ṣé o mọ̀ ọ́n gùn?” Ojú tì í láti sọ òtítọ́. Ó dáhùn pé, “Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n.” Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó sanwó, ó gùn ún jáde. Kò tíì rìn jìnnà tí ọlọ́mọlanke kan tó ń ta omi fi já sí i níwájú. Ó fi ọwọ́ òsì fa irin tí ó rò pé bíréèkì ni, bí ó ti máa ń ṣe lórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ òsì alùpùpù. Bí a bá fà á, ńṣe ni ẹ̀rọ yóò jọ̀wọ́ táyà, tí alùpùpù yóò sì máa yí lọ. Bíréèkì iwájú wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti ẹ̀yìn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kí ó tó rántí, ó ti kọ lu ọmọlanke, egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. A dúpẹ́ pé olómi kò fara pa. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, wọ́n wo ìwé, wọ́n wo nọ́ńbà ara alùpùpù, méjèèjì kò bára mu. Ẹrù olè ni! Wọ́n gbà á lọ. Nígbà tí a óò fi padà síbi tí wọ́n ti tà á, ẹni tó pè é ní àbúrò ti ká ẹní rẹ̀. Owó ìdána lọ, ẹsẹ̀ sì wà ní dídì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

A kò kọ èyí láti fi ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn baba wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí kò gun alùpùpù rí, àlejò ni nídìí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ nílùú tó. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe tijú. Kí ó béèrè. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n láàárín wa sọ fún wa nìyí.

Èkíní, ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó rà á. Ẹ yá ti ojúlùmọ̀, ẹ lọ sí pápá tí kò sí ọkọ̀, títí ọwọ́ yóò fi mọ kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹsẹ̀ yóò sì mọ gíà láìwò ó. Ẹ sì gba ìwé àṣẹ.

Èkejì, ẹ ra èyí tó bá yín mu. Ẹ jókòó lé e. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kò bá kanlẹ̀ dáadáa, ó ga jù. Ẹ̀rọ 100 sí 125 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Honda CG125, tí wọ́n gbé jáde ní 1976, jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe kí ó lè fara da ọ̀nà burúkú àti àìtọ́jú. Ní ti Honda Super Cub, tó ti wà láti 1958, kò ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rárá, ẹni tó ró ìró pàápàá sì lè gùn ún.

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ láàárọ̀, ẹ sì mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Bí ẹ bá ti dé, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ẹ̀rọ. Bí ó bá ti gbóná, bóyá ó ti ṣòro fún un láti jí láàárọ̀ ni wọ́n ṣe tètè gbé e dìde. Ẹ dúró kí ó tutù, kí wọ́n tún un sítáàtì lójú yín. Bí èéfín rẹ̀ bá dà bí aró, ó ń jó ọ́ìlì. Àwọn ti àtijọ́ tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn nìkan ni èyí kò kàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ibi tí ẹ̀rọ ti ń mí. Ní ilẹ̀ eléruku bí tiwa yìí, pàápàá nígbà ọyẹ́, bí wọ́n bá ti yọ asẹ́ inú rẹ̀ dànù, iyanrìn ti ń jẹ ẹ̀rọ náà nínú nìyẹn. Kí ẹ tún dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá táyà méjèèjì wà lórí ìlà kan. Èyí tó bá wọ́ lè ti ṣubú rí.

Ẹ̀kẹrin, tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ ka nọ́ńbà. Ọ̀kan wà ní ọrùn alùpùpù níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí, ọ̀kan wà lára ẹ̀rọ. Kí méjèèjì bá ìwé mu. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti há a, tàbí pé ọ̀dà tuntun wà níbẹ̀ nìkan, ẹ máa lọ sílé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹ jọ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tí kò bá fẹ́ bá yín dé ibẹ̀ ti dá yín lóhùn. Ẹ gba rìsíìtì níṣojú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì tètè yí ìwé sí orúkọ yín.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ra akoto pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Kánò ní January 2009 yóò rántí bí àwọn alákàbà ṣe ń de igbá nígbà tí òfin akoto bẹ̀rẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n igbá kì í gba orí là. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní lọ́kàn láti fi alùpùpù kérò, kí ó kọ́kọ́ bi òfin ìlú tó ń gbé. Láti ọdún 2013 ni ìjọba ti fòfin de alùpùpù akérò ní ìgboro Kánò.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ wa san, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yá a lówó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ ọ ní pápá. Àgbà méjì nínú wa tẹ̀ lé e lọ sọ́jà, pẹ̀lú Málàmù kan, ọmọ Haúsá, tí ó ti pẹ́ nídìí àtúnṣe alùpùpù. Wọ́n ti há nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí a wò. A kúrò níbẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ń rú èéfín. Ọjọ́ kẹta ni a tó rí èyí tó dára. Málàmù kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó ní òun náà ní ọmọ. Nígbà tí olówó alùpùpù bi ọmọ wa pé ṣé ó mọ̀ ọ́n gùn, ó wẹ̀yìn, ó ní, “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, sà. Ẹ bá àwọn bàbá mi yìí sọ ọ́.”

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀, kí ó wí ní ìpàdé. A ó yan ẹni tí yóò bá a lọ, a kò sì ní gba nǹkan kan. Ní ti ìdána, àwọn àna fi sùúrù dúró, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tuntun wà lójú ewé ìròyìn ẹbí. Ẹ wá bá wa ṣe é.