Ìwọ̀n Ìró àti Ìpanumọ́ nínú Ètò Káàdì Ìró

Nínú kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, a lè fi àṣẹ tí a tẹ̀ ṣe ètò káàdì ìró. Amixer ni orúkọ irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe é. Bí a bá tẹ amixer sset Master 70%, ìró àjáde yóò bọ́ sí ìwọ̀n 70 nínú 100. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a má gbọ́ ohunkóhun, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n, ọ̀tọ̀ ni pípa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́. Bí ẹnu bá wà ní pípadé, gbígbé ìwọ̀n dé 100 kò lè ṣí i.

Àbá wa ni pé kí a pe ti àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n ìró, kí a pe èkejì ní ìpanumọ́, kí òdì rẹ̀ sì jẹ́ ìlanu. Amixer sset Master unmute ni àṣẹ ìlanu. Bí a bá fi ìdákẹ́ nìkan pe ìwọ̀n 0 àti ìpanumọ́ pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ èyí tí yóò tún ṣe. Nígbà tí ètò bá tọ́, kí alábòójútó ẹ̀rọ tẹ alsactl store láti fi í pamọ́.