Oògùn Wárápá Tó Ń Yọ́ Lórí Ahọ́n

Ìyá tó ń tọ́jú ọmọ oníwárápá mọ ìjàkadì tó wà nídìí oògùn lílò. Á pò ó mọ́ ògì, ọmọ á tu ú dànù. Á fi oyin sí i, ọmọ á pa ẹnu dé. Bó ṣe rí l'Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbò náà ló rí l'Amẹ́ríkà. Lílọ oògùn náà kúnná tún léwu nígbà mìíràn: irú oògùn wárápá valproate kan wà tí wọ́n dìídì fi nǹkan bò lára, kó má baà yọ́ kó tó dé ìfun.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Sympazan, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ Aquestive. Clobazam tó ti wà tipẹ́ ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi pépà. Orí ahọ́n ni wọ́n ń fi sí, itọ́ á sì yọ́ ọ. Kò sídìí fún omi mímu. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ rún un, kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi yọ́ tán, àmọ́ ta ló lè ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta panu mọ́?

Gbogbo wárápá kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Lennox-Gastaut ni, wárápá líle tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé, tó ń gbé ọmọ ṣubú lójijì. Ẹni tó bá ti pé ọdún méjì lè lò ó, pẹ̀lú oògùn mìíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, FDA tún fọwọ́ sí irú rẹ̀ tó ní diazepam fún ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún tí gìrì ń gbé léraléra. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń lẹ èyí mọ́.

Wárápá kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ka iye àwọn oníwárápá ní Igbó-Ọrà: nǹkan bí èèyàn 5 nínú 1,000. Ní Aiyétẹ̀ tó wà nítòsí, 37 nínú 1,000 ni wọ́n rí. Síbẹ̀, àgbo ìtọ̀ màlúù làwọn kan ń rọ sọ́mọ lẹ́nu, àwọn mìíràn ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọná. Ìpalára gbáà ni.

Oògùn pẹlẹbẹ yìí dára, ó sì yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí òbí kankan má tìtorí rẹ̀ jókòó dúró. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníwárápá lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, bẹ́ẹ̀ oògùn wà tí owó rẹ̀ lè má ju dọ́là márùn-ún lọ́dún. Bí gìrì bá ń gbé ọmọ yín, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.