Ṣé Kí Aboyún Gba Abẹ́rẹ́ Ínsúlínì?

Bí a bá ń gbàdúrà fún aboyún ní Ìjẹ̀bú-Igbó níhìn-ín, a máa ń wí pé kí ó bí tibi tire. Bí ó bá sì bímọ tán, a ó ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Èmi olùkọ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera, n kò bèèrè iṣẹ́ tí ibi náà ń ṣe rí, àfi ìgbà tí ọ̀ràn kàn mí.

Oyún kejì ìyàwó mi ti lé ní oṣù mẹ́fà nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì fún un ní omi gúlúkóòsì mu, tí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ aboyún ni. A dín ẹ̀bà kù, ṣùgbọ́n ṣúgà náà kò wálẹ̀ tó. Ni wọ́n bá ní kí ó máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì.

Ìyá mi fi igbe ta. "Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́! Ṣé kò ní í pa ọmọ inú rẹ̀ lára?"

N kò mọ èsì tí n ó fọ̀. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, ó sì là mí lọ́yẹ.

Ibi ọmọ dà bí ibodè ayé àtijọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kì í dàpọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ìdọ̀tí sì ń gba ibẹ̀ padà. Lára àwọn oníbodè rẹ̀ ni àwọn èròjà tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù, tí ń gé nǹkan, tí ń so nǹkan pọ̀. Ṣúgà ń kọjá fàlàlà. Ínsúlínì ìyá kò rí ọ̀nà kọjá: ó tóbi jù, ẹ́ńsáìmù ibẹ̀ a sì máa gé e wẹ́wẹ́. Nítorí náà abẹ́rẹ́ ìyá kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ṣúgà tí a kò bójú tó gan-an ni ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ọmọ yóò máa ṣe ínsúlínì tirẹ̀ lọ́pọ̀, yóò sì sanra jù. Dókítà Jørgen Pedersen, ará Dẹ́ńmáàkì, ti ṣàlàyé èyí láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1959. Èjìká irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè há nígbà ìbímọ. Bí a bá sì gé ìwọ́ rẹ̀, ṣúgà ìyá dúró lójijì, ínsúlínì ọmọ kò dúró; ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ títí yóò fi máa gbọ̀n. Ibi ọmọ pàápàá kì í bọ́ nínú rẹ̀: a máa wúwo ju bó ti yẹ lọ, iṣẹ́ àwọn ẹ́ńsáìmù kan a pọ̀ sí i, ti àwọn mìíràn a dín kù.

Ìyàwó mi gba abẹ́rẹ́ náà títí dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ọmọ náà kò tóbi jù, kò kéré jù, ìyá mi ni ó sì kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe máa yọ̀ sí ọmọ ràbàtà nìkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà aboyún wò. Bí ó bá bímọ tán, kí ó tún padà lọ ṣàyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, nítorí àtọ̀gbẹ lè tún wá bá a lẹ́yìn ọ̀la. Kí gbogbo aboyún wa bí tibi tire.