Kí ló wà nínú ṣípìsì oní-purotéènì?

Àpò ṣípìsì kékeré kan tí ilé-iṣẹ́ Quest ń tà ní Amẹ́ríkà kò wúwo ju gíráàmù 32 lọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀ pé èròjà amúaradàgbà, ìyẹn purotéènì, tó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 19. Ẹyin adìẹ mẹ́ta kò tó bẹ́ẹ̀, torí gíráàmù 6 péré ni ti ẹyin kan. Doritos tí gbogbo ayé mọ̀ kò ní ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 28. Ó yẹ kí ẹni tó rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lára ìpanu kọ́kọ́ fura.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kì í ṣe irọ́. Inú mílíìkì ni wọ́n ti ń rí purotéènì náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró wo àwọn ìyá Fúlàní níbi tí wọ́n ti ń fi ewé bọ̀mubọ̀mu mú mílíìkì dì, ẹ mọ omi tó máa ń ṣàn jáde lára wàrà. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wàràkàṣì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ṣe kílò kan, omi yìí máa ń tó lítà 9. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fún mu, tàbí kí wọ́n dà á sódò, níbi tó ti ń mú kí atẹ́gùn inú omi tán, tí ẹja á sì máa kú. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe asẹ́ tó lè yọ omi, ṣúgà àti iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, tí ó fi jẹ́ pé purotéènì ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tó bá ṣẹ́ kù. Wọ́n gbẹ ẹ́, ó di ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú. Ìyẹ̀fun yìí ni àwọn tó ń gbé irin ń pò mu. Òun náà ni wọ́n ń pò mọ́ sítáàṣì àgbàdo díẹ̀ àti òróró, tí wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n á gé, tí wọ́n á sì yan. Ìdí nìyẹn tí kò fi rí lẹ́nu bíi pòtétò díndín: ó máa ń fa itọ́ mu, ó sì ń gbẹ ọ̀fun. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Gbogbo purotéènì kọ́ ló dọ́gba. Àmínò ásíìdì mẹ́sàn-án wà tí ara wa kò lè ṣe fúnra rẹ̀, inú oúnjẹ la gbọ́dọ̀ ti rí wọn. Ti mílíìkì àti ti ẹyin ní gbogbo wọn. Collagen, tí wọ́n ń sè jáde lára awọ àti egungun ẹran, kò ní èyí tí wọ́n ń pè ní tryptophan rárá, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti fi bu kún nọ́ńbà iwájú àpò. Ibi tí òfin Amẹ́ríkà ti gbà wá nìyí: bí ilé-iṣẹ́ bá fi purotéènì polówó ọjà, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, ní kí ó kọ ìdá rẹ̀ nínú 100 sí ẹ̀yìn àpò, lórí ìṣirò gíráàmù 50 lójúmọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ apá tí kò péye kúrò. Gíráàmù 10 tó péye yóò jẹ́ 20 nínú 100. Bí iwájú bá ń pariwo 10, tí ẹ̀yìn sì ń sọ 8 nínú 100, ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà gbọ́. Ní Britain, òfin gba ọ̀nà mìíràn. Kò sí oúnjẹ tó lè pe ara rẹ̀ ní oní-purotéènì púpọ̀ àyàfi tí ìdá 20 nínú 100 kálórì rẹ̀ bá ti inú purotéènì wá.

Òṣùwọ̀n Britain yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹnikẹ́ni lè ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi 4 sọ gíráàmù purotéènì di púpọ̀, kí ẹ sì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kálórì. Quest, 76 nínú bíi 140: ó ju ìdajì lọ. Doritos, 8 nínú 150. Ti Wilde, tí wọ́n ń fi ẹran àyà adìẹ àti funfun ẹyin ṣe, ní gíráàmù 10 nínú bíi kálórì 170, ìyẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin, òróró ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀wà lẹ́ńtìlì tàbí chickpea ṣe, tí àpò wọn sì máa ń kún fún àwòrán ewé, gíráàmù 3 tàbí 4 ni wọ́n sábà máa ń ní. Wọn kì í ṣe ìpanu burúkú, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rà wọ́n torí purotéènì.

Ẹ wo iyọ̀ náà. Sódíọ̀mù inú àpò kékeré kan tó bíi mìlígíráàmù 300, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó 2,000 lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidi, torí ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà àti Britain ju àwọn ẹ̀yà yòókù lọ. Ẹni tí mílíìkì máa ń kọ lára kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí tí wọ́n fi mílíìkì ṣe, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá sì dá ṣáṣá, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Ta wá ló nílò rẹ̀? Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí jẹ́ gíráàmù 0.83 fún kílò ara kan lójúmọ́. Ẹni tó wúwo tó kílò 70 nílò bíi 58, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Amẹ́ríkà sì ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ ṣípìsì kankan. Àwọn tó yàtọ̀ ni àwọn arúgbó tí iṣan ara wọn ń dínkù, àti àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ Wegovy tàbí Ozempic, tí oúnjẹ kì í wù wọ́n jẹ mọ́. Irú àwọn wọ̀nyí ni mo lè gbà níyànjú láìṣiyèméjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò dúró dè wọ́n nìkan ṣá: lọ́dún 2025 ni PepsiCo ti ń sọ pé Doritos oní-purotéènì ń bọ̀, gbogbo èèyàn ni wọ́n sì ní lọ́kàn.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kevin Hall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní NIH, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2019 tó yẹ ká fi sọ́kàn. Wọ́n fi èèyàn 20 sí ibi kan ṣoṣo, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ àtọwọ́ ilé-iṣẹ́ wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fún wọn ní oúnjẹ gidi fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, kí kálukú jẹ bó ṣe wù ú. Nígbà oúnjẹ ilé-iṣẹ́, wọ́n fi bíi kálórì 500 jẹ jù lójúmọ́. Ọ̀rá àti èròjà afáralókun ni wọ́n jẹ jù, purotéènì tí wọ́n jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èyí bá ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stephen Simpson àti David Raubenheimer ti sọ lọ́dún 2005 mu, pé purotéènì ni ara ń wá, a ó sì máa jẹun lọ títí a ó fi rí i. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ṣípìsì oní-purotéènì yóò yó èèyàn ju Doritos lọ. Síbẹ̀ oúnjẹ gbígbẹ tó ń fọ́ lẹ́nu ni, àpò kan lè tán kí inú tó mọ̀ pé nǹkan wọlé. Mo gbà á bí arọ́pò fún ṣípìsì. Mi ò gbà á bí arọ́pò fún ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin.

Ká wá wo ìpanu ilé wa. Ẹ̀pà gan-an kò yege òṣùwọ̀n Britain tí mo ń lò: gíráàmù 28 rẹ̀ ní purotéènì 7 nínú bíi kálórì 160, torí òróró rẹ̀ pọ̀. Kúlíkúlí sàn jù ú lọ, torí wọ́n ti fún òróró púpọ̀ jáde kí wọ́n tó dín in. Ìṣòro rẹ̀ ni aflatoxin, májèlé tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó ti bu, tí iná ìdín-in kì í sì í pa tán. Bí mo bá rí kúlíkúlí tí wọ́n kọ ìwọ̀n purotéènì, iyọ̀ àti èsì àyẹ̀wò aflatoxin sára àpò rẹ̀, òun ni màá rà ṣáájú Quest.