SÁNYÁN GẸ́GẸ́ BÍ AṢỌ ṢẸ́DÀ: ÀBÙDÁ ÀTI ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ìfáárà
Nínú àwọn aṣọ òfì tí Yorùbá ń hun, mẹ́ta ló lókìkí jù: ẹtù, àlàárì àti sányán. Òwú tí a pa láró ni ẹtù. Sányán gidi kì í ṣe òwú ní tirẹ̀, ṣẹ́dà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ yìí, èyí ló sì fà á tí wọ́n fi ń fọ sányán àjogúnbá bí ẹni fọ aṣọ òwú, tí ó sì ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Orísun rẹ̀
Kòkòrò inú igbó kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe ló ń ta okùn sányán. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì hu ìyẹ́, wọ́n máa ń kóra jọ sórí igi, wọn a sì jọ ta ilé kan bo ara wọn. Ti ilẹ̀ Ṣáínà yàtọ̀: níbẹ̀, kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló ń dá ilé tirẹ̀ ta, a sì lè tú okùn rẹ̀ ní gbọọrọ. Okùn sányán ti lọ́ mọ́ra wọn, nítorí náà a ní láti fi omi eérú se ilé náà kí oje ara rẹ̀ lè kúrò, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì ràn án bí òwú.

Àbùdá rẹ̀
Sányán ní àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́ díẹ̀. Àwọ̀ àbínibí rẹ̀ nìyẹn. Ó lágbára, ó ń fa òógùn mu, ó sì ń múni lára yá nígbà òtútù. Irú èròjà tó wà nínú irun ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ tí a sì fi iná sí i, òórùn irun jíjó ni yóò máa rùn, eérú rẹ̀ yóò sì rún. Òwú a máa rùn bí ìwé tó ń jó. Okùn ilé iṣẹ́ tó dà bí rọ́bà a yọ́, a sì le gbagidi. Ọ̀pọ̀ aṣọ tí à ń pè ní sányán lónìí kò lè yege ìdánwò yìí.

Ìtọ́jú rẹ̀
(i) Omi tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọrun tí kò le ni kí a fi fọ̀ ọ́. Omi eérú tó wúlò níbẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀tá rẹ̀ báyìí, nítorí kò sí oje mọ́ tí yóò dáàbò bo okùn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ líle.
(ii) Kí omi ìfọṣọ tí ń mú aṣọ funfun má kàn án rárá. Ó ń jẹ okùn rẹ̀ tán ni.
(iii) Bí ó bá tutù, agbára rẹ̀ ń dín kù. Kí a má ṣe fún un. Ibòòji ni kí a sá a sí.
(iv) Kí a lọ inú rẹ̀, kí áyọ́ọ̀nù má gbóná jù.
(v) Aṣọ òwú mímọ́ ni kí a fi wé e pamọ́, kì í ṣe ọ̀rá. Kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè nítorí kòkòrò.

Ìkádìí
Bí sányán gidi ṣe ń ṣọ̀wọ́n, èyí tó wà nínú àpótí àwọn ẹbí ni ẹ̀rí tó kù lọ́wọ́ wa. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fojú kan án, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí orúkọ náà má baà ṣẹ́kù sẹ́nu lásán.