Ta Ló Máa Fún Àyọkà Wikipéédíà Wa Ní Ìràwọ̀?

Àyọkà tó wà lórí Wikipéédíà èdè Yorùbá ti lé ní 30,000. Inú àwọn kan ń dùn sí iye yẹn. Èmi ò bá wọn yọ̀ púpọ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju gbólóhùn méjì mẹ́ta lọ: orúkọ ìlú, ìpínlẹ̀ tó wà, ó parí.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n ń fi sórí àyọkà tó dáa jù lọ. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù méje, àwọn tó ní in kò tó 10,000. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé àyọkà náà síta, àwọn olóòtú míì á sì tú u palẹ̀: ṣé ó kún, ṣé ẹ̀rí wà fún ohun tó sọ, ṣé kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan? Tó bá bàjẹ́ tó bá yá, wọ́n lè gba ìràwọ̀ náà padà.

Ó yẹ ká ní irú ẹ̀ fún àyọkà tá a bá fẹ́ gbé sójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi Òṣogbo dán an wò. Igbó Ọ̀ṣun ò le: ọdún 2005 ni UNESCO fi í kún ogún àgbáyé. Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, kú ní 2009. Ìwé wà fún méjèèjì. Àmọ́ tá a bá dé orí ẹni tó tẹ ìlú dó, ariwo dé! Ìjẹ̀ṣà kan á ní ọmọ àwọn ni Láróòyè, Ìpólé ló ti wá, nítorí náà ilẹ̀ àwọn ni Òṣogbo. Ará Òṣogbo á ní kí ló kàn yín ńbẹ̀?

Ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré gbé jáde ni ti Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Àwọn Ìjẹ̀ṣà kọ ìtàn tiwọn jáde ní 1932. J.D.Y. Peel náà kọ “Ijeshas and Nigerians” ní 1983. Àyọkà tó bá gbára lé Johnson nìkan, bó gùn bí odò, kò yẹ fún ìràwọ̀ lójú tèmi.

Kóòtù ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí jà pẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 66, gba ìtàn àtẹnudẹ́nu láàyè nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí tàbí ti ìlú. Bí ìtàn méjì bá takora, ìdájọ́ Kojo II v Bonsie ti 1957, tó wá láti Gánà, ní kí adájọ́ má wo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ tí ojú rí. Wikipéédíà ò lágbára láti dájọ́ ní tiẹ̀. Kó kọ ìtàn méjèèjì sílẹ̀, kó sọ ẹni tó sọ èwo àti inú ìwé wo.

Ìràwọ̀ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ oyè àjẹkú. Ọba Arómọláran wàjà ní 2024. Àyọkà Iléṣà tó bá ṣì ń pè wọ́n ní Ọwá tó wà lórí ìtẹ́, ẹ já ìràwọ̀ rẹ̀ bọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. (Kí wọ́n fi àmì ohùn sí i náà, ẹ jọ̀ọ́.)

Ìṣòro tó kù ni pé àwọn olóòtú wa ò pọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lè tún jókòó bí adájọ́, èyí tí kóòtù kankan ò ní gbà. Àbá mi ni pé kí ọmọ Iléṣà máa yẹ àyọkà Òṣogbo wò, kí ọmọ Òṣogbo máa yẹ ti Iléṣà.