Orúkọ òkú ló ṣì wà lórí ìwé ilé yín

Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín mẹ́wàá ní Ilọrin pé orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé tí wọ́n ń gbé. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ bàbá tàbí bàbá àgbà tó ti jáde láyé. Wọn ò sì kà á sí wàhálà. Ṣebí ilé bàbá wa ni, ta ló fẹ́ lé wa?

Ẹnikẹ́ni lè má lé yín o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, tàbí tí ẹ fẹ́ fi yáwó ní báńkì, ẹni tó ni orúkọ ni wọn yóò béèrè. Òkú kì í sì í buwọ́ lùwé.

Bí ẹ ṣe ń pẹ́ sí i ni ìṣirò ń le sí i. Ẹ jẹ́ ká lo òfin ogún Ìsìláàmù, torí òun ni ọ̀pọ̀ ẹbí Ilọrin ń tẹ̀ lé. Bàbá kú, ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti san gbèsè rẹ̀, ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ. Wọ́n pín ìyókù sí ọ̀nà márùn-ún: méjì-méjì fún àwọn ọkùnrin, ẹyọ kan fún obìnrin. Ó parí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé ilé ọkọ ni tiẹ̀.

Ká ní wọn ò pín in, tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn wá kú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tòun ti ìyàwó àtàwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìpín tiẹ̀ náà ti di ogún nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́fà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, àwọn ọmọ kó ìyókù. Kí ìyá náà tó lọ, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí yàrá mẹ́fà ti ju yàrá lọ.

Tí ọmọkùnrin yẹn bá ṣáájú bàbá rẹ̀ kú ńkọ́? Àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní jogún bàbá àgbà níwọ̀n ìgbà tí arákùnrin bàbá wọn wà láyé, àfi tí bàbá àgbà bá ti fi nǹkan sílẹ̀ fún wọn nínú ìwé ìhágún, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ọjọ́ kan péré lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ àjọ NPC fi ṣe pàtàkì. Àwa tí a máa ń sin òkú lọ́jọ́ tó kú gan-an, ta ló ń rántí ìwé?

Mùsùlùmí lè gbé ọ̀rọ̀ ogún lọ sí Area Court kí wọ́n pín in, kí ìdájọ́ sì wà lákọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, Sharia Court of Appeal wà. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní kóòtù tí kò sì ṣe ìwé ìhágún, ọ́fíìsì Probate ní High Court ni àwọn ẹbí rẹ̀ yóò ti gba letter of administration. Ìwé yìí ò sọ ẹ̀gbọ́n yín di onílé o! Alábòójútó ló sọ ọ́ dà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ máa kan àwọn KW-GIS, tó ń bójú tó ìwé ilẹ̀ ní Kwara.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jáde nílé rárá, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí C of O yẹn wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àpótí ìyá àgbà ló wà, òun nìkan ló sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.